Irin inú itan: kí ló dé tí ìrísí rẹ̀ fi di ọ̀rọ̀?

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, àjọ FDA tó ń mójú tó oògùn àti ohun èlò ìwòsàn ní Amẹ́ríkà gba àwọn oníṣẹ́ abẹ nímọ̀ràn pé bí irin ìbàdí mìíràn, ìyẹn irin tí wọ́n ń kì bọ inú eegun itan nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ oríkèé ìbàdí, bá wà nílẹ̀, kí wọ́n má fi èyí tí wọ́n ń pè ní CPT sí ara aláìsàn mọ́. MHRA, ẹlẹgbẹ́ wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fọhùn lórí irin kan náà lọ́dún yẹn. Zimmer Biomet, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, sì ní òun yóò máa kó o kúrò lọ́jà díẹ̀díẹ̀ títí oṣù Kejìlá 2024. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀ kò gùn: eegun itan àwọn tó ní in lára ń kán ju ti àwọn tó ní irin mìíràn tó jọ ọ́.

Bí ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá jáde, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi máa ń dàrú. Ẹnì kan á ní irin yẹn ló ń kán. Òmíràn á ní sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi mú un ni kò dáa. Ẹlòmíràn á ní kí gbogbo ẹni tó bá ní in lára lọ yọ ọ́ kíá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò rí bẹ́ẹ̀. Irin náà wà bó ṣe wà, irú sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi mú un náà ni wọ́n fi ń mú àwọn yòókù. Eegun tó yí wọn ká ló ń là. Ká tó lè mọ ìdí rẹ̀, àfi ká padà sídìí àríyànjiyàn kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún láàárín àwọn oníṣẹ́ abẹ eegun: ṣé kí irin inú itan dúró gbọn-in ni, àbí kó máa rì díẹ̀díẹ̀?

Kí ni wọ́n ń kì bọ inú itan gan-an?

Orí eegun itan rí roboto. Inú kòtò kan lára eegun ìbàdí ló jókòó sí, ibẹ̀ ló sì ti ń yí nígbà tí a bá ń rìn tàbí tí a bá lóṣòó. Bí ohun dídán tó bo ojú méjèèjì bá jẹ tán, ìrìn di ìrora. Bákan náà ni bí àgbàlagbà bá ṣubú tí ọrùn eegun yẹn ṣẹ́, tàbí bí àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde bá dènà ẹ̀jẹ̀ tí orí eegun fi kú, èyí tí kò ṣàjèjì láàárín àwọn ọ̀dọ́ tiwa. Oníṣẹ́ abẹ á gé orí yẹn kúrò, á fi ife tuntun sínú kòtò ìbàdí, á sì ki irin gígùn kan bọ inú eegun itan, irin tó ní orí roboto tirẹ̀ lókè. Irin gígùn yìí, tó sábà máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 15, ni à ń sọ.

Sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ kì í ṣe ti bíríkìlà o. Ìbátan ohun tí àwọn oníṣègùn eyín fi ń ṣe eyín àtọwọ́dá ni. Ìyẹ̀fun kan àti omi kan ni wọ́n ń pò pọ̀ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, òórùn rẹ̀ a sì gba imú. Níbẹ̀rẹ̀ ó máa ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó á ki bí àmàlà. Ẹni tó ń pò ó á fi ìka tó wà nínú ìbọ̀wọ́ kàn án wò: bó bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìbọ̀wọ́, kò tíì tó. Bó bá tó, wọ́n á fi ohun tó dà bí ìbọn fín in sínú ihò eegun, láti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa kó lè wọ gbogbo ihò wẹ́wẹ́ ara eegun. Ìgbà náà ni wọ́n á tó ti irin wọlé, tí wọ́n á dì í mú láìjẹ́ kó mì rárá títí sìmẹ́ǹtì á fi gbóná, tí á sì le. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀. Bó bá ti le, bí irin ṣe dúró nìyẹn.

Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ mú dání ká tó tẹ̀ síwájú: sìmẹ́ǹtì yìí kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Àlàfo ló ń dí, bí amọ̀ tí mọlémọlé fi sáàárín òkúta. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ó lágbára. Bí a bá fà á, ó máa ń sán. Gbogbo ìjà inú ìtàn yìí, orí èyí ló dúró lé.

Níbo ni ọ̀nà ti yà?

John Charnley ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Ní ilé ìwòsàn Wrightington ní Lancashire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ti kọ́kọ́ fi ike Teflon ṣe ife ìbàdí. Ike náà jẹ láìpẹ́, ó sì da iṣẹ́ rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní 1962 ló gba ike mìíràn, polyethylene, mú, tó fi orí irin kékeré tó fi díẹ̀ lé ní mìlímítà 22 sínú rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì tó fi mú un, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn eyín ní Manchester ló ti rí i kọ́. Iṣẹ́ náà yọrí débi pé títí di òní, ohun tó ṣe yẹn ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ ẹlòmíràn. Àmọ́ bí àwọn aláìsàn ṣe ń pẹ́ láyé sí i, irin àwọn kan ń kán nínú itan, ti àwọn kan sì ń tú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún ẹ̀yìn irin náà kó lè nípọn, wọ́n sì sọ ara rẹ̀ di aláìdán. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé bí ara irin bá ṣá díẹ̀, sìmẹ́ǹtì á rí ibi dì mú, àwọn méjèèjì á di ara kan, wọn ò sì ní kúrò lójú kan mọ́.

Ní 1970, ní ìlú Exeter nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà kan tó ń jẹ́ Robin Ling àti onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Clive Lee gbé tiwọn jáde. Irin tiwọn ń tín-ín-rín lọ sísàlẹ̀, ní iwájú àti ní ẹ̀gbẹ́. Kò ní etí tí yóò fi lé orí eegun. Ó ń dán bíi dígí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń ṣe ohun èlò ìwòsàn mọ̀ lórí. Ní 1976, wọ́n mú irin tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ wá nítorí pé àwọn ti àkọ́kọ́ kan ń kán, wọ́n sì jẹ́ kí ara rẹ̀ ṣá. Ìrísí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ilé ìwòsàn kan náà, irú sìmẹ́ǹtì kan náà. Ọdún ń gorí ọdún, irin aláìdán wọ̀nyí ń tú ju àwọn tó ń dán tí wọ́n ti fi síni lára ṣáájú lọ. Ní 1986 wọ́n padà sí dídán, ìṣòro náà sì rọlẹ̀. Bí àwọn èèyàn ṣe wá mọ̀ nìyẹn pé ohun tó dà bí ẹwà lásán lára irin, òun gan-an ló ń ṣiṣẹ́.

Kí ni dídán ń ṣe nínú eegun?

Ẹ wo àáké ìbílẹ̀. Alágbẹ̀dẹ wa kì í dá ihò sí irin àáké kó wá ki igi bọ̀ ọ́. Igi ẹ̀rú ni wọ́n ń dá ihò sí, ìdí irin tó tín-ín-rín ni wọ́n sì ń kì bọ igi. Bí a bá ṣe ń fi í la igi tó ni irin ń wọnú ẹ̀rú sí i, tó sì ń há sí i. A ò fi gọ́ọ̀mù mú un, a ò fi ìṣó kàn án. Iṣẹ́ tí à ń fi í ṣe ló ń so ó ró.

Irin Exeter àti àwọn tó tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀ ń ṣe bí ìdí àáké yẹn. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ń pè wọ́n ní taper-slip. N ó pè wọ́n ní arìdíẹ̀ níbí. Bí aláìsàn bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, irin tó ń dán náà á yọ̀ díẹ̀ kíún lára sìmẹ́ǹtì, á rì, ó sì á ti sìmẹ́ǹtì síta káàkiri. Sìmẹ́ǹtì tí kò fẹ́ kí a fa òun, títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ báyìí. Eegun náà rí ẹrù gbé, eegun tó bá sì ń gbé ẹrù kì í yára joro. Kódà, wọ́n máa ń fi fìlà ike kékeré tó ní àlàfo nínú dé ẹnu ìsàlẹ̀ irin náà, kó lè ráyè rì láìfi ẹnu gún sìmẹ́ǹtì.

Ẹ wá ro ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 1976 sí 1986. Irin tó ní ìrísí àáké, tó yẹ kó rì, wọ́n sọ ara rẹ̀ di sáńpépà. Ó ṣì ń rìn nínú sìmẹ́ǹtì, torí ìrísí rẹ̀ ń tì í, àmọ́ bó ṣe ń rìn ló ń ha sìmẹ́ǹtì. Eruku ń jáde. Ara èèyàn kì í fẹ́ràn eruku bẹ́ẹ̀: àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e mì, nínú ìjà yẹn ni wọ́n ti máa ń jẹ eegun tó wà nítòsí. Eegun á fàyè sílẹ̀, irin á túbọ̀ máa mì, eruku á túbọ̀ pọ̀.

Ṣé gbogbo irin ló wá yẹ kó máa rì?

Rárá. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi í gbọ́ nìyí. Ẹ̀yà kejì, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní composite beam, tí n ó pè ní adúró, kò gbọ́dọ̀ rì rárá. Òun àti sìmẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ jẹ́ ara kan. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú wọn ni Lubinus SP II, láti Jámánì. Ó tẹ̀ bí eegun itan fúnra rẹ̀ ṣe tẹ̀, tó fi jẹ́ pé ti ẹsẹ̀ ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì. Ó ní etí tó fi lé orí eegun, ara rẹ̀ kò sì dán. Títẹ̀ yẹn ń jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì tó yí i ká nípọn bákan náà, kí irin má kan eegun níbì kan. Àwọn dókítà ní Sweden ti lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń pẹ́ lára àwọn aláìsàn wọn bí Exeter ṣe ń pẹ́.

Nítorí náà, kì í ṣe pé dídán dára, ṣíṣá burú. Ìrísí àti ara irin gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan. Irin tí ìrísí rẹ̀ ní kó rì tí ara rẹ̀ ní kó dúró, wàhálà ló bí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé irin rì ní mìlímítà kan nínú ara èèyàn alààyè? Göran Selvik ní Lund, ní Sweden, ló gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ ní 1974: wọ́n á fi ìlẹ̀kẹ̀ irin wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ sínú eegun nígbà iṣẹ́ abẹ, wọ́n á máa ya fọ́tò X-ray láti apá méjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì fi ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ṣe òṣùwọ̀n. Irin arìdíẹ̀ sábà máa ń rì ní bíi mìlímítà kan tàbí kó lé díẹ̀ láàárín ọdún kìíní sí ìkejì, lẹ́yìn náà á rọra dúró. Kò sí ẹ̀rù níbẹ̀. Bí adúró bá rì tó bẹ́ẹ̀, dókítà rẹ̀ á fura, nítorí ìdè àárín òun àti sìmẹ́ǹtì lè ti já. Fọ́tò kan náà, mìlímítà kan náà, ìtumọ̀ méjì. Dókítà tí kò bá mọ orúkọ irin tó ń wò lè fi àlàáfíà ṣe àrùn.

Kí ló wá dé tí ti CPT fi yàtọ̀?

CPT náà jẹ́ arìdíẹ̀. Ó ń dán, kò ní etí, ó ń tín-ín-rín lọ sísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ ti kó má tú ni, kò sí ẹni tó ń bá a jà.

Ẹ padà sórí àáké wa. Bí ìdí irin ṣe ń há nínú ẹ̀rú, igi ẹ̀rú ló ń gba gbogbo títì yẹn sára. Bí igi bá gbó tàbí bí ó bá gbẹ jù, ọjọ́ kan tí a bá fi í sán nǹkan lójijì, ẹ̀rú á là lóròó. Bákan náà ni eegun itan. Ìyá àgbà ẹni ọgọ́rin ọdún tí eegun rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ ṣubú ní balùwẹ̀, itan rẹ̀ lọ́ bó ṣe ń ṣubú, irin tó ti há síbẹ̀ ṣe bí èèkàn tí a fi ń la igi: sìmẹ́ǹtì á fọ́, eegun á là, irin á jìn wọlẹ̀. Gbogbo arìdíẹ̀ ló ní ewu yìí nínú ju adúró lọ. Ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ ìbàdí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Sweden ló fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ohun tí wọ́n sọ nípa CPT ni pé tirẹ̀ tún ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Lórí ìdí tó fi ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni ẹnu ò ti kò. Àwọn kan di ẹ̀bi náà ru irú irin tí wọ́n fi ṣe é. Cobalt-chrome ni CPT, ó le ju irin tí kì í dípẹtà tí wọ́n fi ṣe Exeter lọ, wọ́n sì ní ohun tó bá le jù kì í bá eegun tẹ̀ nígbà tí eegun bá fẹ́ tẹ̀. Àwọn mìíràn bi wọ́n pé Lubinus ńkọ́? Cobalt-chrome lòun náà, eegun ò sì ń là lára rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní tiwọn, ìrísí ni kí a wò: bí èjìká irin ṣe fẹ̀ sí, àti bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe mú sí. Ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ méjèèjì pọ̀, pé irin líle nínú ìrísí àáké ló burú, tí kò sì burú nínú adúró.

Apá kẹta béèrè pé ara ta ni wọ́n ń fi irin náà sí. Bí ilé ìwòsàn kan bá ń lò ó fún àwọn arúgbó tó ṣubú tí ọrùn itan wọn ṣẹ́, àwọn tí eegun wọn ti fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀, tí ẹsẹ̀ wọn kò sì dúró re, yóò jọ pé irin náà burú ju bó ṣe rí lọ. Àríwísí yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn tó ṣe ìṣirò náà mọ̀ ọ́n, wọ́n yọ ìyàtọ̀ ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti ìdí iṣẹ́ abẹ kúrò nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ láàárín CPT àti Exeter kò pòórá síbẹ̀.

Ṣé ó yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀?

Sweden ti ń kọ gbogbo iṣẹ́ abẹ ìbàdí sílẹ̀ láti 1979. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ nígbà tí irin kan tó ń jẹ́ 3M Capital wọlé ní 1991. Ó jọ ti Charnley lójú, owó rẹ̀ sì wálẹ̀, àmọ́ titanium ni wọ́n fi ṣe é. Titanium máa ń tẹ̀ ju irin lọ, sìmẹ́ǹtì kì í sì fẹ́ kí nǹkan máa tẹ̀ nínú òun. Irin náà ń tú láìtọ́jọ́. Wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní 1997, ìjọba sì pariwo rẹ̀ ní 1998, nígbà tí ó ti wà lára àwọn aláìsàn bí 4,700. Iṣẹ́ ńlá ló jẹ́ láti wá wọn kàn, torí kò sí ìwé kan ṣoṣo tí orúkọ gbogbo wọn wà. Ìtìjú yẹn wà lára ohun tó bí National Joint Registry, ìwé àkọsílẹ̀ tiwọn, ní 2003.

Pẹ̀lú ìwé yẹn náà, ihò ṣì wà nínú àwọ̀n. Ohun tí ìwé àkọsílẹ̀ ń kà jù ni iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi pààrọ̀ irin. Bí eegun bá là lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tí dókítà sì fi páànù irin àti ìdè wáyà mú eegun náà láìyọ irin ti tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sí nínú iye yẹn. Irin tó ń fa kíkán eegun lè máa gba máàkì tó dáa, torí wọn kò pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn oníwàádìí bẹ̀rẹ̀ sí í wá kíkán eegun nínú ìwé àwọn ilé ìwòsàn fúnra wọn ni iye náà tó ròkè.

Ṣé ká kúkú fi sìmẹ́ǹtì sílẹ̀?

Fún ọ̀dọ́ tí eegun rẹ̀ le, ọ̀pọ̀ dókítà ti fi í sílẹ̀. Irin tí eegun fúnra rẹ̀ ń hù mọ́ ni wọ́n ń lò. Fún ẹni tó ní fòníkú-fọ̀la-dìde pàápàá, sìmẹ́ǹtì ò fi bẹ́ẹ̀ ṣojúure sí wọn látẹ̀yìnwá. Àmọ́ fún arúgbó tí ọrùn itan rẹ̀ ṣẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní WHiTE 5, tó jáde ní 2022, kó àwọn aláìsàn bí 1,200 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ, àwọn kan gba sìmẹ́ǹtì, àwọn kan kò gbà. Nínú àwọn tó gba sìmẹ́ǹtì, eegun tó kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin jẹ́ ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn tí kò gbà, ó jẹ́ 2.1. Ẹni tó bá gbọ́ ti CPT tó wá sá fún sìmẹ́ǹtì, ó lè jẹ́ inú ohun tó ń sá fún gan-an ló ń sá wọ̀.

Àwọn tó fara mọ́ adúró ní kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ àṣà arìdíẹ̀ rẹ̀ wò fún àwọn arúgbó. Àwọn tó fara mọ́ arìdíẹ̀ dáhùn pé ó rọrùn láti fi sí, ó rọrùn láti yọ bí ó bá di dandan, torí ó ń yọ̀ jáde láìfọ́ sìmẹ́ǹtì, àti pé dókítà tó bá fi ogún ọdún mọ irin kan kò gbọ́dọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi aláìsàn kọ́ òmíràn.

Ẹni tó ní CPT lára tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

FDA kò sọ pé kí wọ́n yọ ọ́. Irin tó ń ṣiṣẹ́ láìsí ìrora, wọ́n ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, nítorí yíyọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ léwu ju pé kó wà níbẹ̀ lọ. Bí ìrora bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ nínú itan, bí ẹni náà kò bá lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìṣubú, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ìṣubú ńlá, kí wọ́n gbé e lọ fún X-ray lọ́jọ́ náà.

Ọ̀pọ̀ aláìsàn ni kò mọ orúkọ irin tó wà lára wọn. Nígbà iṣẹ́ abẹ, wọ́n máa ń ṣí sítíkà kan kúrò lára páálí irin náà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé aláìsàn: orúkọ, ìwọ̀n àti nọ́ńbà rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹni tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí lè béèrè fún ẹ̀dà rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ṣe é, kó fi í pamọ́ sọ́dọ̀ káàdì ilé ìwòsàn. Dókítà tó bá fẹ́ wo X-ray rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ohun tó máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.